Re: "Agbohùnsétí": àmì orí "gbo" yẹn ńkọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkéré kọ lánàá, pé láti òní lọ, "agbohùnsétí" ni hẹ́ẹ̀dìfóònù ń jẹ́, ká má sì jiyàn, torí ọdún 33 làwọn fi kọ́ni ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Iyàn yìí kò tíì tán o.

Ẹ fi orí "gbo" sílẹ̀ láìlámì. Ó túmọ̀ sí pé inú gbà lẹ ti fà á yọ. Gbà pàdé ohùn, ìpajẹ ṣẹlẹ̀ (fáwẹ̀lì kan pa èkejì jẹ), ó di gbohùn, bó ṣe wà nínú agbohùnsílẹ̀. Gbé ló ń fún wa ní gbóhùn olóhùn òkè, bó ṣe wà nínú agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Èwo wá ni nǹkan tí à ń fi bo etí yìí ń ṣe nínú méjèèjì?

Mi ò ro ó lásán. Ní Sátidé tó kọjá, mo tú tèmi sórí tábìlì níbí ní Adó. Sennheiser HD 600 ni, iṣẹ́ àwọn ará Jámánì, ọdún 1997 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ẹni bá ní in kì í gbé e fọ́mọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí apá òsì ti ń dún rìrìrì bíi kòkòrò inú páálí ìṣáná, pàápàá bí ìyáàlù bá ti wọlé. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lọ́nà Ọjà Ọba ní kọ́ìlì (wáyà lílọ́ tó wà nínú rẹ̀) ti já, kí n lọ ra òmíràn. Mo fa wáyà yọ, mo fi mítà kan ihò rẹ̀ méjèèjì (ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ, kéèyàn má bàa kì í bọ̀ ọ́ lódì), ó ka bíi óòmù 300 (òun la fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná tó). Apá ọ̀tún náà ka bẹ́ẹ̀. Kọ́ìlì tó já yóò ṣe ka nǹkan? Mo bá fa tìmùtìmù etí rẹ̀, ó dún pá, pá, pá, ó ṣí. Mo ká fóòmù pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Irun ni. Ewú kan péré, láti orí èmi fúnra mi, ló dùbúlẹ̀ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ibẹ̀. Mo fi ẹ̀mú tíyàwó mi fi ń tún irun ojú ṣe mú un jáde. Ariwo tán.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ohùn kankan kì í wọ inú nǹkan yìí. Iná ló ń gbà. Iná á gba inú wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ awọ yẹn lára, òòfà á máa tì í lọ, á máa fà á bọ̀, awọ á gbọ̀n, ó dohùn, ó wọ etí. Bó bá jẹ́ gbà lẹ́ ẹ fẹ́ dandan, ẹ pè é ní agbanásétí, ká wo ẹni tó máa gbé e wọ̀. Agbóhùnsétí, láti inú gbé, ni mo ní tèmi.

Àbúrò wa obìnrin tó kọ̀wé láti Ìjerò ní gbọ́ náà lè di gbóhùn, pé òǹkàwé kò ní mọ èyí tí mo ní lọ́kàn. Òótọ́ ni, mi ò rí èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n "agbóhùnlórí" tó fi dípò rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn lórí, ṣebí Àró la máa júwe fún un.

Àwọn kan á ní àwọn àgbà kò tú rédíò kí wọ́n tó pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bàbá mi ní Ìkọ̀lé kò tú u lóòótọ́. Wọ́n á kàn jókòó tì í lálẹ́, wọ́n á máa bá a jà: "Ṣé o ò ní í jẹ́ n fèsì ni?" Orúkọ yẹn kò lábùkù. Bóyá ó tiẹ̀ ta ko gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀.

Ẹni tó ní àwa ará Èkìtì tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe igi ní ugi, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi àmì ohùn: kí ni fáwẹ̀lì bá àmì ohùn pín? Mo ń bọ̀ wá bá ọ lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, gbà ni àbí gbé? Tìmùtìmù ọ̀tún ti pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á l'Ádó, kó jọ̀ọ́ júwe.