Ìwádìí oògùn fún kókó ọpọlọ: kí ló ń dínà mọ́ aláìsàn?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Glioblastoma, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó le, ni, Amẹ́ríkà ni a wà. Iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán 60 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) pẹ̀lú temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ, ti parí. Kí ló lè dí wa lọ́wọ́ láti wọ ìwádìí?

Èsì 1: Ẹ wá ibi tí wọ́n tọ́jú ẹran kókó tí wọ́n gé sí, èyí tí wọ́n rì sínú ìda. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló máa ń béèrè rẹ̀, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò IDH àti MGMT, àwọn àbùdá (gene) tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú kókó. Tó bá ti tán, wàhálà dé.

Èsì 2: Dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, ńkọ́? Ìwádìí tó ń ru agbára ìdáàbòbò ara sókè sábà máa ń kọ ẹni tó ń lo ju 4 mg lójúmọ́, torí oògùn náà ń pa agbára yẹn rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Èsì 3: Ẹ ṣọ́ ọjọ́ MRI, ìyẹn yíya àwòrán inú ọpọlọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìtànṣán, wíwú lásán lè jọ kókó tó tún ń dàgbà, ìyẹn sì lè da ọ̀rọ̀ wíwọ ìwádìí rú.

Olùbéèrè: Oògùn òfìfo, èyí tí kò ní oògùn gidi nínú, ńkọ́?

Èsì 1: Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló ní i. Nínú ìwádìí INDIGO, tí wọ́n fi dán oògùn vorasidenib wò lára ènìyàn 331, ẹni tí kókó rẹ̀ dàgbà lórí òfìfo lè bọ́ sórí oògùn gidi. Glioma (irú kókó ọpọlọ) onípele kejì tí àbùdá IDH rẹ̀ ti yí padà nìyẹn wà fún ṣá, kì í ṣe tiyín.