"Ìtọrẹ" àbí "ìyọ̀ǹda"? Lórí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìléwọ́ kíndìnrín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka ìwé ìléwọ́ tí ẹ fẹ́ pín fún àwọn ọmọ SS2 ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ pe kí alààyè fi kíndìnrín rẹ̀ kan sílẹ̀ fún aláìsàn ní "ìtọrẹ iwe láàyè", ẹ sì pe iṣẹ́ abẹ náà ní "pípààrọ̀ iwe". Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ti "iwe" kò le. Ti adìẹ ló máa sọ sọ́kàn ọmọ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni iwe adìẹ ń lọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni kíndìnrín ń sẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú "kíndìnrín", gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Ìtọrẹ" ló ń dùn mí. Ẹni tó ń tọrẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lókè, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ẹbí yí ká pé "ẹ̀jẹ̀ tìẹ ló bá tirẹ̀ mu" kò sí lókè rárá. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 ní kí wọ́n má yọ ẹ̀yà ara alààyè láìjẹ́ pé a ṣàlàyé fún un, tó sì gbà. Kò gbà kí wọ́n yọ ẹ̀yà tí kì í hù padà lára ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ó ka gbígba owó lé e sí ẹ̀ṣẹ̀, àfi kí wọ́n dá ìnáwó tó bójú mu padà fún un. "Ìyọ̀ǹda" nìkan ló gbé èyí dání: ẹni tó lè yọ̀ǹda lè kọ̀, ó sì lè yí ọkàn padà títí di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ fi "ìtọrẹ" sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ a máa padà sára.

Ṣùgbọ́n "ìyọ̀ǹda láàyè" náà á ṣì wá létí, torí "gbà láàyè" ti wà nílẹ̀ fún àṣẹ. "Lójú ayé" kò dára, àwọn ọmọ á ní ṣe ni onítọ̀hún ń ṣe ojú ayé. Ara ẹni náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀: olùyọ̀ǹda alààyè. Iṣẹ́ rẹ̀ á wá jẹ́ ìyọ̀ǹda ẹ̀yà ara.

"Pípààrọ̀" ń ṣi ọmọ lọ́nà ní ti kíndìnrín. Àwọn dókítà kì í sábà yọ méjì tó ti bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ ikùn, nítòsí ìbàdí, ni wọ́n ń gbé tuntun sí. Wọ́n á so ó mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀, wọ́n á sì so ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀. Ìfikún ni. Mo ronú sí "lọ́", bí àgbẹ̀ ṣe ń hú ata lọ́ síbòmíràn, àmọ́ "kíndìnrín lọ́" á dà bí ìfun tó lọ́. Ní ti ẹ̀dọ̀, "pààrọ̀" tọ̀nà, nítorí wọ́n ń yọ ti aláìsàn kúrò pátápátá. Apá kan lára ti olùyọ̀ǹda ni wọ́n ń gé, ó lè tó ìdá 60 nínú 100. Ẹ má kọ pé ó ń "hù padà", torí apá tí wọ́n gé kì í yọ bí èékánná: èyí tó kù ló ń kún padà láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ pé láàárín "ìbejì" ni gbígbé kíndìnrín alààyè sára ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ yege, ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní December 1954. Ẹ fi kún un pé inú ẹyin kan ni wọ́n ti wá, ìdí nìyẹn tí ara ẹni tó gbà á kò fi kọ̀ ọ́. Táíwò ọkùnrin àti Kẹ́hìndé obìnrin kò sí nínú irú ìbejì bẹ́ẹ̀.

"Kò léwu" tó wà lójú ìwé kejì gbọ́dọ̀ kúrò. Iye tí àwọn oníṣègùn ti ń sọ tipẹ́ ni pé nǹkan bí olùyọ̀ǹda kíndìnrín 3 nínú 10,000 ni iṣẹ́ abẹ náà ń pa. Kíndìnrín tó ṣẹ́ kù á tóbi sí i láti gbé iṣẹ́ méjì, nítorí náà kí onítọ̀hún máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ wò lọ́dọọdún, kó má sì máa dá oògùn ara ríro bí ibuprofen lò. Obìnrin tó bá lóyún lẹ́yìn náà ní láti tètè sọ fún dókítà, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru ju ti ẹlòmíràn lọ.

"Ìwòsàn" náà kò tọ́ fún ẹni tó gbà á. Yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín náà ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. "Ìtọ́jú" ni kí ẹ kọ síbẹ̀.