Google mọ̀ wá, Bing kò mọ̀ wá: ta ló lè gbà mí lórí sáìtì ọ́fíìsì lọ́yà?

Ìyá Ìbejì Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ̀ nípa sáìtì, ẹ jọ̀wọ́, kó dá mi lóhùn.

Ọ́fíìsì lọ́yà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Peckham níbí. Lọ́yà méjì péré ni wọ́n, ọ̀rọ̀ físà àti ọ̀rọ̀ ogún ni wọ́n ń ṣe jù. Máníjà ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n èmi náà ni mò ń po tíì, èmi ni mò ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jà, sáìtì náà sì ti di tèmi láti ìgbà tí ọmọkùnrin tó bá wa ṣe é ti kó lọ sí Kánádà tí kò gbé fóònù mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan wọlé wá, ọmọ Òṣogbo ni, ọ̀rọ̀ físà ọkọ rẹ̀ ló gbé wá. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ẹ̀yin yìí, ẹ ṣòro rí o!" Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló fún un lórúkọ wa. Nígbà tó ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó tẹ orúkọ náà sórí kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù. Ọ́fíìsì mìíràn ló jáde lókè. Tiwa wà nísàlẹ̀, àdírẹ́sì Old Kent Road ló sì gbé dání, ibi tí a ti kó kúrò láti ọdún mẹ́ta. Obìnrin yìí lọ síbẹ̀ o! Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ló bá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn oní-táyà náà mọ̀ wá, òun ló júwe ọ̀nà.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣi orúkọ tẹ̀ ni, torí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí Google, àwa la ó kọ́kọ́ yọ. Àṣé Edge, bùráúsà Microsoft, ló wà lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wọn, Bing, ẹ̀rọ ìṣàwárí Microsoft kan náà, sì ni Edge ń lò tí èèyàn ò bá yí i padà. Èmi náà wá lọ sórí Bing, mo tẹ site: mo fi àdírẹ́sì sáìtì wa tẹ̀ lé e, kí n lè rí iye ojú ìwé wa tó mọ̀. Ojú ìwé 34 la ní. Mẹ́ta ló jáde. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́, níbi tó yẹ kí àlàyé wà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ì bá fi àlàyé hàn mí, ṣùgbọ́n sáìtì náà kò gbà fún òun. Mo wo àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí mìíràn. DuckDuckGo, bákan náà. Yahoo, bákan náà.

Bí mo ṣe ń ronú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan pè (àwọn yìí, bí ẹni pé wọ́n ń gbóòórùn ìṣòro ni), ó ní tí a bá san £400, òun á fi orúkọ wa sórí ẹ̀rọ ìṣàwárí igba. Ọ̀gá mi àgbà ti ń wá káàdì báńkì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣé òótọ́ ni igba yẹn? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?


Ọmọ Ẹkùn Croydon:

Ta ló tún ń lo Bing láyé tá a wà yìí? Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lò ó, Google ni mo fi wá.


Ìyá Ìbejì Peckham:

Nọ́ọ̀sì ló ń lò ó, àbúrò. Owó àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń di owó oṣù mi.


Àlàbí Woolwich:

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké tún sáìtì ṣe, mi ò tíì rí ẹ̀rọ ìṣàwárí igba tó ń rán oníbàárà sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ fojú kànga wò ó: kànga ni àkójọ ojú ìwé tí ẹ̀rọ ìṣàwárí fúnra rẹ̀ lọ kà jọ. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn gbẹ́ kànga kò pọ̀. Google ní tiẹ̀, Bing ní tiẹ̀. Brave náà gbẹ́ tiẹ̀, ní 2023 ló jáwọ́ pátápátá nínú omi Bing. Mojeek tó jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ní tiẹ̀, bó tilẹ̀ kéré. Yandex ti Rọ́ṣíà, Baidu ti Ṣáínà, Naver ti Kòríà, Seznam ti Czech. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù, korobá ni wọ́n gbé dání. Inú Bing ni DuckDuckGo ti ń pọn èyí tó pọ̀ jù nínú èsì rẹ̀, ibẹ̀ náà ni Yahoo ń lọ. Ecosia, àwọn tó ń fi owó ìpolówó gbin igi, ń pọn nínú Bing, ó sì tún ń pọn nínú Google. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ohun kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ẹ bá tún Bing ṣe, ẹ ti tún púpọ̀ wọn ṣe. Ẹ gbàgbé Yandex àti Baidu, àfi tí ẹ bá ní oníbàárà tó ń ti Beijing wá lọ́yà ogún ní Peckham.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ sọ kọjá bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, òun ló ta mí lólobó: pé sáìtì náà "kò gbà fún òun". Bing kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ló ń sọ ọ́ fún. Ẹ lọ tẹ àdírẹ́sì sáìtì yín, kí ẹ fi /robots.txt sí ìdí rẹ̀ (fáìlì tó ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí ibi tí wọ́n lè wọ̀ àti ibi tí wọn ò gbọdọ̀ wọ̀ ni), kí ẹ wá da ohun tí ẹ bá rí síbí.


Ìyá Ìbejì Peckham:

Ohun tí mo rí rèé:

User-agent: *
Disallow: /wp-admin/

User-agent: bingbot
Disallow: /

Kí ni ti ìsàlẹ̀ yẹn ń ṣe níbẹ̀?


Àlàbí Woolwich:

Háà! Ó tán. Ọ̀tá yín nìyẹn.

Bingbot ni ìránṣẹ́ tí Bing máa ń rán kiri láti ka sáìtì. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo (/) tó tẹ̀ lé Disallow yẹn, gbogbo ilé ló dúró fún, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó kọ ọ́ ń sọ fún Bing pé kó má fẹsẹ̀ kan ibì kankan. Bing sì gbọ́ràn. Ó mọ̀ pé ilé kan wà níbẹ̀ torí àwọn ẹlòmíràn ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo inú rẹ̀. Bó ṣe di pé àdírẹ́sì àtijọ́ ló ń gbé kiri nìyẹn: ẹni tí kò rí inú ilé yín, ẹnu àwọn aládùúgbò ló máa gbọ́rọ̀ yín.

Mi ò ní bú ọmọkùnrin tó ṣe é. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé sáìtì dání) olówó pọ́ọ́kú: Bingbot á máa wá léraléra, sáìtì á máa falẹ̀, wọn á bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí wọ́n lè sùn. Bẹ́ẹ̀ Bing ní ibi tí a ti lè sọ fún un pé kó rọra wá.

Ẹ pa ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn rẹ́. Wọ́n lè wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, wọ́n sì lè wà nínú plugin (àfikún tí wọ́n so mọ́ sáìtì), ẹ wo méjèèjì. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Bing Webmaster Tools, ọ̀fẹ́ ni. Tí sáìtì yín bá ti wà nínú Google Search Console, irú rẹ̀ tí Google ní, ẹ má jókòó ti fọ́ọ̀mù. Bọ́tìnì kan wà tó máa ń kó gbogbo rẹ̀ wá láti ibẹ̀, àti sitemap (àkójọ àwọn ojú ìwé yín). Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè mú ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ bi Bing pé, "Kí lo rí nínú èyí?" Ó máa dáhùn.

WordPress lẹ fi ṣe sáìtì yín, mo rí wp-admin. Ẹ fi IndexNow sí i. Ní 2021 ni Microsoft àti Yandex gbé e jáde. Tí ẹ bá ti yí ohunkóhun padà, òun ló máa sáré lọ sọ fún Bing, dípò kí ẹ máa retí ọjọ́ tí ìránṣẹ́ á tún kọjá. Google kò sí nínú ẹ̀, ẹ má retí nǹkan kan níbẹ̀.

Ti àdírẹ́sì lórí máàpù, ọ̀tọ̀ ni. Bing Places ni ti Bing. Ṣùgbọ́n máàpù tí DuckDuckGo ń fi hàn, ti Apple ni, láti 2019. Nítorí náà ẹ ní láti lọ bá Apple fúnra wọn, níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn oníṣòwò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ èyí, wọn á máa bú DuckDuckGo lásán.


Amòfin Leeds:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú òfin, torí lọ́yà ni mí, mo sì ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ sáìtì ti di wàhálà sí ẹnìkan lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ti ń tún un kọ kí Bing lè rí yín, ẹ má kọ "lọ́yà tó dáńgájíá jù ní London" tàbí "físà yín á jáde dandan". Nínú ìwé ìwà iṣẹ́ SRA, àjọ tó ń ṣàkóso àwa lọ́yà, ìpínrọ̀ 8.8, ìpolówó wa gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, kò sì gbọdọ̀ ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọ̀gá yín ni wọ́n máa pè, wọn ò ní pe oní-£400.

Ìkejì: láti oṣù Kejìlá 2018 ni SRA ti ní kí ọ́fíìsì tó bá ń polówó irú iṣẹ́ bíi físà (tí kì í ṣe ti ìsádi) àti ogún tí kò ní àríyànjiyàn kọ iye owó rẹ̀ sórí sáìtì. Ṣé tiyín wà níbẹ̀?

Ìkẹta, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lọ́dọ̀ SRA fúnra wọn. Ibẹ̀ ni Find a Solicitor, ojú ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà (Law Society) ṣe fún ẹni tó ń wá lọ́yà, ti ń mú tirẹ̀. Bó bá jẹ́ Old Kent Road ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.


Ìyá Ìbejì Peckham:

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Iye owó wà níbẹ̀. Ọ̀gá kékeré ló fi Word tò ó, a wá fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, a gbé e sókè. Ó tiẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá òsì.


Àlàbí Woolwich:

Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ẹ má gbára lé e pé ìránṣẹ́ kankan á jókòó máa ka fọ́tò tó wọ́. Ojú ìwé iye owó yẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá: wọn kì í tẹ orúkọ yín, "how much spouse visa solicitor Peckham" ni wọ́n ń tẹ̀. Bí oníbàárà ṣe ń béèrè lórí fóònù ni kí ẹ ṣe kọ ọ́. Kí ẹ tún wo àkọlé tó ń hàn lókè táàbù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sáìtì kan tí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ń jẹ́ "Home", láti orí físà dórí òkú.


Ọmọ Ẹkùn Croydon:

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè. Mo lọ wo ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ìyàwó mi lórí Bing. Ó ní wọ́n ti kógbá wọlé. Búrẹ́dì rẹ̀ wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kà á.


Ìyá Ìbejì Peckham (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún):

Ẹ̀yin ará, mo padà wá jíṣẹ́.

Inú plugin ààbò ni ìlà yẹn sá pamọ́ sí. Mo pa á rẹ́ nínú fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó ń padà wá bí àbíkú, kí n tó rántí pé Àlàbí ní kí n wo méjèèjì. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, bí ọjọ́ mẹ́fà, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo káàdì báńkì. Lọ́jọ́ keje, ojú ìwé 11 jáde lórí Bing. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 26. Lánàá, 31 nínú 34. Mi ò gba ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbọ́, mo lọ sí Peckham Library, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn, mo tẹ orúkọ wa. Àwa la kọ́kọ́ yọ, àdírẹ́sì tuntun sì ni. Mo pariwo díẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí.

SRA ní àdírẹ́sì tó tọ̀nà. Ìwé àkójọ àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni kò ní in, mo ti kọ̀wé sí wọn, méjì ti dáhùn. Iye owó ti di ọ̀rọ̀. Obìnrin kan sì ti pè láti Catford, ó ní ibẹ̀ lòun ti rí wa, lórí DuckDuckGo.

Máàpù Apple nìkan ló kù. Wọ́n ní àwọn á pe fóònù ọ́fíìsì, ẹ̀rọ á sì ka nọ́ńbà kan fún wa láti fi mọ̀ pé àwa la ni ín. Wọ́n pè lóòótọ́, mo ti jáde lọ ra mílíìkì. Ọ̀gá àgbà ló gbé e. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, wọ́n ní oní-£400 ló tún dé, wọ́n bú u dáadáa, wọ́n sì já fóònù mọ́ ọn létí.

Mo ti ní kí Apple tún pè. Ẹ̀gbẹ́ fóònù yẹn ni mo jókòó sí báyìí tí mo fi ń kọ èyí.