Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sun wáyà, ṣé mo lè sin adìyẹ níbẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra àbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan lọ́nà Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo níbí, mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ kí n sì sin adìyẹ ìbílẹ̀ díẹ̀, àfi bí aládùúgbò kan ṣe ní àwọn tó ń ra irin àlòkù ló máa ń sun wáyà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè yọ kọ́pà, lóòótọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀ yẹn ṣì dúdú bí èédú. Mo wá kà pé ike ara wáyà tó bá jóná máa ń bí májèlé kan tí wọ́n ń pè ní dioxin, kì í tètè jẹrà, òjò ò lè fọ̀ ọ́ lọ torí kì í yòrò nínú omi, ọ̀rá ló fẹ́ràn, adìyẹ tó bá ń tú ilẹ̀ yẹn jẹ, inú ẹyin ẹ̀ ló ń lọ. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Gamálìn, oògùn apakòkòrò táwọn fín sí kòkó láyé ìjọ́un ńkọ́, bẹ́ẹ̀ láti 2009 ni lindane, májèlé inú ẹ̀, náà ti wọ ìwé àdéhùn Stockholm, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gbógun ti májèlé tí kì í tètè jẹrà! Ṣé kí n wa òkè ilẹ̀ yẹn kúrò ni? Ibo ni màá wá dà á sí? Àbí kéèjì ló kù fún adìyẹ? Ta ló mọ láàbù tó ń yẹ irú ẹ̀ wò, èló sì ni?