Ìtàn tí kọ̀ǹpútà ń hun fún ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan kò wọ àwọn tó ń gbá géèmù mi lọ́kàn: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ojúgbà mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti wà lẹ́nu géèmù kan tí ẹni tó ń gbá a yóò ti máa darí alájàpá márùn-ún láti ìlú dé ìlú. Mo fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí èmi jókòó kọ tán, bí kò ṣe èyí tí kọ̀ǹpútà yóò máa hun bí ìrìn àjò bá ṣe ń lọ, tí ẹni méjì kò fi ní bá ìtàn kan náà pàdé. Mo kọ ìpìlẹ̀ ìtàn 40 sílẹ̀: gbèsè, ọmọ tó sọnù, ẹ̀san, oyè tí wọ́n fi du ẹnìkan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi àlàfo sílẹ̀ nínú wọn fún orúkọ ènìyàn, ìlú àti ọjà, kọ̀ǹpútà á sì ṣẹ́ kèké láti mú ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ mẹ́fà bá mi dán an wò. Wọ́n ní ìtàn náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò rántí ẹyọ kan. Èyí tó dùn mí jù ni ti obìnrin kan nínú géèmù náà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wá ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n òun, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti jọ sin òkú apànìyàn náà ní ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ṣé kí n kọ ìpìlẹ̀ ìtàn sí i kó tó 200 ni, àbí ibòmíràn ni mo ti ṣìnà?

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń kọ kóòdù

Àbúrò, má fi ẹyọ kan kún un. Kate Compton, tó ti pẹ́ nídìí irú ètò báyìí, fi oúnjẹ ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ yìí: kọ̀ǹpútà lè se àwo oats 10,000, kí ibi tí hóró kọ̀ọ̀kan wà nínú àwo kan yàtọ̀ sí ti àwo kejì, síbẹ̀ oúnjẹ kan náà ni lójú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Ohun tó ń ṣe géèmù rẹ ni pé ìtàn ń sọ tirẹ̀, ayé inú géèmù náà sì ń ṣe tirẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí àwọn méjèèjì máa wò: ta ló ṣe kí ni, ta ló ṣe é sí, ní ìlú wo, ojú ta ló sì ṣe. Kí ìpìlẹ̀ ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ rí nínú ìwé yẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkúùgbà tí ìtàn bá fẹ́ sún síwájú. Bí ẹni tí wọ́n ń wá bá kú lójú ọ̀nà, má pa ìtàn náà rẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti dùn: kí ni obìnrin tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ láti ọdún mẹ́wàá yóò fi ọ̀bẹ náà ṣe nígbà tó bá dé ibi ìsìnkú?

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn

Mo fara mọ́ èyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn fúnra rẹ̀ ni kì í gbàgbé. Nínú géèmù Shadow of Mordor, tó jáde ní 2014, jagunjagun lásán tó bá pa ẹni tó ń gbá géèmù lè gba oyè nítorí ìyẹn, bí wọ́n bá sì tún pàdé, yóò rán an létí. Kò sí ẹni tó kọ ìtàn ọ̀tá yẹn sílẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á kọ bí ó ṣe wà o, nítorí pé Warner Bros., ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà, gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ (patent) lórí ètò náà ní Amẹ́ríkà ní 2021.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́gbọ́n lára rẹ̀ jù ni géèmù Crusader Kings III ti ọdún 2020. Níbẹ̀, bí aláàánú bá pàṣẹ pé kí wọ́n pa ẹlẹ́wọ̀n, ìdààmú ọkàn rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, ó sì lè dé ibi tí yóò ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀mùtí. Gbèsè nìkan kì í ṣe ìtàn. Ẹni tí kì í purọ́, tó wá jẹ gbèsè tí kò lè san láìpurọ́, tirẹ̀ ti di ìtàn.

Àgbàlagbà kan tí kì í kọ kóòdù

Odù Ifá jẹ́ 256, ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin ló sì ń sọ èyí tó yọ. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò lè má sọ ohun tó bá wá fún babaláwo rárá. Yóò máa gbọ́ ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn títí yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì so ó mọ́ ayé ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí ó ku ohun tí ẹni tó ń gbá a yóò so fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ kóòdù

Ẹ ṣeun, Bàbá. Géèmù Caves of Qud ń ṣe ohun tó jọ èyí pẹ̀lú àwọn ọba àtijọ́ inú rẹ̀: kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ mú ìṣẹ̀lẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni yóò wá ìdí fún un, ẹni tó ń kà á á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú ọba ni ìyẹn yẹ. Alájàpá tí a jọ ń jẹun lójoojúmọ́ kò lè ṣe nǹkan tán kí ó tó máa wá ìdí rẹ̀, nítorí ojú wa ló ṣe é.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti dín ìpìlẹ̀ ìtàn kù sí 12, mo sì ti ṣe ìwé àkọsílẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ ti hàn. Ìṣòro tó kù ni pé wọn kì í gbàgbé nǹkan kan mọ́: ọkùnrin kan ṣì ń bínú nítorí iyọ̀ tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ nínú rẹ̀ ní ìlú kìíní, nígbà tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ti jóná ní ìlú kẹjọ.

Ẹni tó ń kọ kóòdù

Fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n nígbà tó bá wọ ìwé, kí ìwọ̀n náà máa dín kù ní àràárọ̀, àfi ti ikú ẹbí. Kí ó jẹ́ mẹ́ta tó wúwo jù nìkan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máa sọ. Ní ti iyọ̀ yẹn, má pa á rẹ́ pátápátá. Fi í pamọ́ títí wọn yóò fi tún dé ìlú tí wọ́n ti ń ta iyọ̀.