Ṣé a lè ṣa mussel jẹ ní etíkun British Columbia?

Alárìnká béèrè:
Mo kí gbogbo ilé o. Ìdílé wa fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi rìn káàkiri etíkun British Columbia ní Kánádà lásìkò ooru, a kò sì dé ibẹ̀ rí. Mo gbọ́ pé bí omi òkun bá ti fà sẹ́yìn, mussel dúdú, ẹran òkun tó ń gbé inú ìkarahun aláwẹ́ méjì, a máa bo àpáta pátápátá. Ṣé a lè ṣa á, kí a sè é níbẹ̀? Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó lórí iná kí oró tó bá wà nínú rẹ̀ tó kú? Ẹnì kan ní kí n ju owó fàdákà sínú ìkòkò, pé bí kò bá dúdú, kò séwu.

Ọmọ Ìlàjẹ dáhùn:
Bó ti wù kó pẹ́ tó lórí iná, oró yẹn kò ní kú, nítorí saxitoxin, bí wọ́n ṣe ń pe oró náà, kì í ṣe kòkòrò. Ohun tín-ín-tìn-ín kan tó ń léfòó nínú òkun, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń ṣe é; mussel a máa sẹ́ omi láti rí oúnjẹ, oró náà a sì máa ṣẹ́ jọ sí i lára láìpa á. Sísè kò mú un kúrò, yíyan kò mú un kúrò, yìnyín pàápàá kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Owó fàdákà kò mọ̀ ọ́n, ata rodo kò sì mọ̀ ọ́n. Omi lè mọ́ gaara kí mussel inú rẹ̀ sì léwu.

Etíkun yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ọkọ̀ George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i ní oṣù kẹfà ọdún 1793. Àwọn kan lára wọn, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré wá ojú ọ̀nà omi tí wọn kò mọ̀ rí kí wọ́n lè yà á sínú àwòrán ilẹ̀, gúnlẹ̀ láti jẹun àárọ̀, wọ́n sì yan mussel jẹ. Kò pẹ́ tí ojú àti ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, tí òòyì ń kọ́ wọn. John Carter, ọ̀kan lára wọn, kú lọ́jọ́ náà. Orúkọ Carter Bay (ibi tí wọ́n sin ín sí) àti Poison Cove (ibi tí wọ́n ti jẹ mussel náà) ṣì wà lórí àwòrán ilẹ̀ títí di òní.

Ìyá Ìbejì dáhùn:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, àmọ́ kí ẹ̀rù má bà yín kọjá ààlà. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi òkúta mọ ògiri sí etí omi kí clam, ẹran oníkarahun mìíràn tó ń gbé inú iyanrìn, lè pọ̀ níbẹ̀ láti ohun tó ju 3,000 ọdún lọ, wọ́n sì mọ ìgbà tí a ń jẹ ẹ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìpẹja òkun, kí ẹ sì yẹ ojú òpó ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹja wò lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ ṣa á gan-an, nítorí wọ́n lè ti etíkun kan pa lónìí tó ṣí lánàá. Ẹ ṣọ́ra fún irú clam kan tí wọ́n ń pè ní butter clam: oró lè wà lára rẹ̀ fún ọdún méjì. Bí ètè ẹnikẹ́ni bá ń ta á ṣíṣíṣí lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá. Kò sí oògùn tó ń pa oró náà, àwọn dókítà a kàn máa ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí títí oró yóò fi jáde lára ni. Lójú tèmi, ibi tí fóònù kò ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń dán an wò.

Alárìnká:
Ẹ ṣeun gan-an, màá. Bí wọ́n bá ní etíkun náà ṣí ńkọ́, báwo la ṣe ń sè é?

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ẹ fọ ara ìkarahun dáadáa, kí ẹ fa irun tó fi ń di àpáta mú kúrò. Èyí tó fọ́, tàbí èyí tó lanu tí kò padé nígbà tí ẹ kàn án, ẹ dà á nù. Omi díẹ̀ ti tó nínú ìkòkò. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa kí gbogbo wọn lanu, nítorí iná ń pa àwọn kòkòrò àìsàn ní tiwọn, ẹ má sì jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ din ata àti àlùbọ́sà lọ́tọ̀, kí ẹ tó dà á pọ̀. Ẹ tọ́ omi rẹ̀ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, torí iyọ̀ òkun ti wà nínú rẹ̀.