Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Ìbọn Sten ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí M10?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó àwọn ohun èlò Ogun Àgbáyé Kejì jọ: fìlà ológun, agolo omi, àwòrán ilẹ̀. Ní báyìí mo fẹ́ ra ìbọn arọ̀jò-ọta kan, irú kékeré tó ń yin ọta ìbọn ìléwọ́. Dọ́là 14,000 ni mo ti tọ́jú, ọdún márùn-ún ni mo sì fi kó o jọ.

Bàbá bàbá mi wà lára àwọn ọmọ ogun Division 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Bọ́mà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń júwe ìbọn kan fún wa. Wọ́n á na ọwọ́ òsì síwájú, wọ́n á ní ọta ò gba ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, orí apá àwọn ló sì máa ń sinmi lé. Kò yé mi rí, àfi ìgbà tí mo rí Sten, ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Ẹni tó ń ta ìbọn ládùúgbò mi ní M10 ló dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ní sùúrù, kí n ra Thompson. Èwo ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Atlanta:
Àbúrò, Thompson ti kúrò nínú owó yẹn. Gbé e tì ná.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, mọ ohun tó sọ irin wọ̀nyí di góòlù. Láti ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn arọ̀jò-ọta pa. Ìbọn arọ̀jò-ọta tí kò bá sí nínú ìwé náà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ará ìlú kò lè rà á láéláé. Iye tó wà kò lè pọ̀ sí i, àwọn tó ń wá a sì ń pọ̀. Ìwé lò ń rà, kì í ṣe irin nìkan. Torí náà, bí nọ́ḿbà ara ìbọn bá fi ẹyọ kan péré yàtọ̀ sí ti inú ìwé, dìde kúrò níbẹ̀.

Oríṣi Sten méjì lo máa rí. Èkíní ni ojúlówó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lásìkò ogun. Ó ṣọ̀wọ́n, ó wọ́n. Èkejì ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà forúkọ túùbù rẹ̀ (irin oníhò tó jẹ́ ara ìbọn) sílẹ̀ ṣáájú 1986, tí wọ́n wá kó ẹ̀yà Sten àtijọ́ sí i lára. Èkejì ni owó rẹ lè ká. Yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ dáadáa, torí ọwọ́ àwọn tó kọ́ ọ kò dọ́gba.

Sten gan-an ni ìbọn tí bàbá bàbá yín ń júwe. Wọn kì í di màgásíìnì (àpótí ọta) Sten mú bí wọ́n bá ń yìn ín, torí ọta á há. Iwájú ni ọwọ́ òsì ń wà, màgásíìnì á sì sùn lé apá. Ọta 32 ló ń gbà, àmọ́ 28 tàbí 30 ni àwọn ológun sábà máa ń kó sí i kí ó má baà há.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Marietta:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà M10. Ní ìpínlẹ̀ Georgia wa níbí, ní Powder Springs, ni Military Armament Corporation ti ń ṣe é. Òun ló wọ́pọ̀ jù, ẹ̀yà rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì ń ṣe apá òkè tuntun fún un títí dòní tó ń dín eré rẹ̀ kù. Eré ọ̀hún ni àléébù rẹ̀: ó ń yin ju ọta 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ọta 30 ti tán. Ẹni tó bá fẹ́ máa yin ìbọn lóṣooṣù, M10 ni kó rà. Uzi ni mo fẹ́ràn jù lọ, ṣùgbọ́n ó ti kọjá owó tìrẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo rí Sten kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Tennessee. Ṣé mo lè lọ gbé e?

Ẹ̀gbọ́n Atlanta:
Rárá o! Ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Oníbọn tó ní ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní Texas ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á, kí ìwọ tó kọ Fọ́ọ̀mù 4, ìwé tí a fi ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú àwòrán, ìtẹ̀ka àti owó orí dọ́là 200. Nítorí pé ará ìlú ló ni ín, owó orí yẹn á di ẹ̀ẹ̀mejì: kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbọn, àti kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti yọ owó orí náà láti January 2026. Wọn ò yọ ti arọ̀jò-ọta.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Dallas:
Ẹ dákun, mo fẹ́ bá àbúrò sọ̀rọ̀ ilé. Ṣé ìyàwó rẹ mọ nọ́ḿbà séèfù? Bí orúkọ rẹ nìkan bá wà lórí ìwé, tí òun sì lè ṣí i nígbà tí o ò sí nílé, ó lè di ẹjọ́ sí i lọ́rùn. Èmi àti ọkọ mi lo trust, ìyẹn ìwé òfin tó jẹ́ kí ìbọn jẹ́ ti àwa méjèèjì, a sì jọ tẹ̀ka. Àti pé Sten máa ń yìn fúnra rẹ̀ bí ó bá já bọ́ tí màgásíìnì wà nínú rẹ̀. Yọ màgásíìnì nígbà gbogbo, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, torí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ̀yin ará Illinois, òfin ìpínlẹ̀ yín kò gbà á fún ará ìlú rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston:
Ẹ̀yin àgbà mi, mo padà wá jábọ̀. Mo fi ti Tennessee sílẹ̀. Mo rí Sten olótùúbù kan nílé ìtajà kan ní San Antonio níbí, nọ́ḿbà rẹ̀ bá ìwé mu, ojú jíjó rẹ̀ mọ́. Èmi àti ìyàwó mi ti tẹ̀ka, trust náà ti wà. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìbọn máa wà títí ìwé á fi dé.

Wọ́n jẹ́ kí n gbé e dání díẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì síwájú, màgásíìnì sùn lé apá mi bí bàbá bàbá mi ṣe sọ. Ìyàwó mi ya fọ́tò rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde.